Ta ló ni kírẹ́dítì tí wọ́n fẹ́ fi san owó iṣẹ́ mi? Ọ̀rọ̀ internship fún akẹ́kọ̀ọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí. Ọdún kẹta ni mo wà ní yunifásítì kan níbí ní Amẹ́ríkà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kà. Ilé iṣẹ́ kan tó ń tẹ ìwé àtìgbàdégbà, tí wọ́n ń gbé ìtàn àti ewì jáde, ti gbà mí fún internship, ìyẹn iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ fún àkókò díẹ̀, nígbà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ní àwọn ò ní sanwó, àmọ́ àwọn á fún mi ní kírẹ́dítì, ìyẹn ẹyọ tí yunifásítì fi ń ka ẹ̀kọ́ títí oyè á fi pé. Mo lọ bá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, wọ́n ní lóòótọ́ ni, kírẹ́dítì 3 ni, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ kí n sì san owó kírẹ́dítì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni tó jókòó sí kíláàsì. Ṣé èmi ni mo máa ṣiṣẹ́, èmi náà ni mo máa sanwó? Àwọn òbí mi ní ìrẹ́jẹ ni. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé ẹni tó bá kọ̀ ọ́ á gboyè jáde láìní nǹkan kan nínú CV. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

* * *

Èsì

Àbúrò mi, má tíì fọwọ́ síwèé. Ìbínú àwọn òbí rẹ nídìí, ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú ohun tí o kọ tó yẹ ká kọ́kọ́ dá dúró lé lórí. Ilé iṣẹ́ yẹn ní àwọn á fún ẹ ní kírẹ́dítì. Wọn ò lè fún ẹ. Kírẹ́dítì kì í ṣe tiwọn. Yunifásítì ló ni ín, ìwọ lò ń rà á, olùkọ́ tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ bá yàn ni yóò ka iṣẹ́ rẹ kó tó sọ pé o yege. Ohun tí ìwọ fi owó ara rẹ rà ni wọ́n ń kà sí owó iṣẹ́ tí àwọn san.

Mo ti wà níhà méjèèjì ọ̀rọ̀ yìí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì lèmi náà kà ní Amẹ́ríkà, mo sì ṣe internship fún kírẹ́dítì nígbà yẹn. Lónìí, ilé iṣẹ́ atẹ̀wétà kékeré kan ni mo wà, èmi ni wọ́n sì máa ń fa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá kọ́ṣẹ́ lé lọ́wọ́. Láti ìhà méjèèjì, ohun kan náà ni mo ń rí: ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n máa ń pa pọ̀ di ọ̀kan. Bóyá ó yẹ kí ilé iṣẹ́ sanwó fún iṣẹ́ tí o ṣe, ọ̀rọ̀ kan nìyẹn. Bóyá ó yẹ kí o forúkọ kírẹ́dítì sílẹ̀ lórí iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. O lè gba owó kí o tún gba kírẹ́dítì. O lè gba owó nìkan. Tí o bá ti jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, ìwọ nìkan ló máa san gbèsè méjèèjì.

* * *

Àwọn kan ti dáhùn pé òfin ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí, pé bí kírẹ́dítì bá ti wọ̀ ọ́, ilé iṣẹ́ ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ pàápàá. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ Fair Labor Standards Act, ti ọdún 1938, ló ní iye kan wà tí owó wákàtí òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ rẹ̀yìn sí. $7.25 ni láti ọdún 2009, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ní tiwọn tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo àríyànjiyàn wá dá lórí bóyá òṣìṣẹ́ ni ẹni tó wá kọ́ṣẹ́ àbí akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dún 2011, àwọn tó ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nídìí sinimá kan gbé ilé iṣẹ́ sinimá Fox Searchlight lọ sílé ẹjọ́ ní New York. Lọ́dún 2013, adájọ́ dá wọn láre, ó ní òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Lọ́dún 2015, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ yẹn, wọ́n ní ohun tó yẹ ká wò ni ẹni tó ń jàǹfààní jù nínú iṣẹ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ ni o, tàbí ilé iṣẹ́.

Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tẹ́wọ́ gba ìlànà yẹn. Nǹkan méje ni wọ́n ń wò. Ṣé ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ dájú pé kò sówó níbẹ̀? Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ ẹ jọ ẹ̀kọ́ ilé ìwé? Ṣé iṣẹ́ náà so mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ, yálà nípa kíláàsì tàbí kírẹ́dítì? Ṣé ó bá kàlẹ́ńdà ilé ìwé mu? Ṣé kò gùn ju ìgbà tí o fi ń rí nǹkan kọ́ níbẹ̀ lọ? Ṣé iṣẹ́ rẹ ń ran àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbowó lọ́wọ́, àbí ìwọ ni wọ́n fi rọ́pò wọn? Ṣé ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ pé kò sí ìlérí iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀? Kò sí ọ̀kan nínú méje yìí tó lè dá ẹjọ́ náà parí. Ẹ wá wo ibi tí kírẹ́dítì wà: inú ẹyọ kan ṣoṣo ló wà, kò sì dá gba ẹyọ yẹn pàápàá.

Àmọ́ ohun kan wà tí àbúrò wa ò sọ fún wa, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ilé iṣẹ́ tó wà fún èrè ni ìlànà méje yìí wà fún. Ọ̀pọ̀ ìwé àtìgbàdégbà tó ń tẹ ewì àti ìtàn ló jẹ́ àjọ tí kì í ṣe fún èrè, tàbí tó wà lábẹ́ yunifásítì. Òfin sábà máa ń gba irú àjọ aláàánú bẹ́ẹ̀ láyè láti gba ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ láìretí owó. Nítorí náà, kọ́kọ́ wádìí irú ilé iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́. Tí wọn kì í bá ṣe fún èrè, kò sóhun tó ní kí o ra kírẹ́dítì kí wọ́n tó lè gbà ẹ́ sílé. Tí wọ́n bá wà fún èrè, tí wọ́n sì ń fipá mú ẹ pé àfi kírẹ́dítì, ara wọn ni wọ́n ń fi kírẹ́dítì rẹ dáàbò bò.

* * *

Ẹnìkan kọ ọ́ síbí pé olè ni yunifásítì tó ń gbowó lórí internship, pé wọn ò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. Ẹlòmíràn tó jẹ́ olùkọ́ bínú sí i gan-an. Ó ní òun ń ka àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun ń pe ọ̀gá wọn nílé iṣẹ́, òun ń ka àpilẹ̀kọ ìparí, ilé ìwé ò sì fi nǹkan kan kún owó òun lórí ẹ̀.

Mo gba olùkọ́ yẹn gbọ́. Bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nìyẹn, mo sì mọ àwọn olùkọ́ tó ń fi tọkàntọkàn ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ohun tí wọ́n sọ kà. Owó tí ọmọ san ò dé ọwọ́ ẹni tó ń ka iṣẹ́ rẹ̀. Ibo wá ló ń lọ? Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ jọ bi yunifásítì ní ìbéèrè yẹn, dípò kí wọ́n máa bú ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ka kírẹ́dítì kan sí wákàtí kan nínú kíláàsì àti, ó kéré tán, wákàtí méjì lẹ́yìn kíláàsì, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 15. Wákàtí 45 nìyẹn fún kírẹ́dítì kan, 135 fún mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń béèrè wákàtí 40 sí 50 lórí kírẹ́dítì internship kọ̀ọ̀kan, kò sì jìnnà síra. Tí a bá wá fi $7.25 lu wákàtí 135, $978.75 ló ń jẹ́. Ohun tó kéré jù tí ilé iṣẹ́ ò ní ná lórí rẹ nìyẹn. Kọ owó kírẹ́dítì 3 ti ilé ìwé rẹ sábẹ́ rẹ̀, kí o fi ọkọ̀ àti oúnjẹ kún un. Fi ìwé yẹn han àwọn òbí rẹ. Ìgbà yẹn ni ẹ óò tó mọ ohun tí ẹ ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Kí o tó sanwó, béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ bóyá kírẹ́dítì náà wọ inú iye tí wọ́n ń béèrè fún oyè èdè Gẹ̀ẹ́sì gan-an, àbí àfikún lásán ló máa jẹ́. Ibòmíràn wà tó jẹ́ yege tàbí kùnà nìkan ni wọ́n ń kọ, kò ní máàkì tó máa gbé ìpíndọ́gba rẹ sókè. Ibòmíràn tún ní òpin lórí iye kírẹ́dítì internship tó lè wọ oyè. Mo ti rí ọmọ tó sanwó kírẹ́dítì tí oyè rẹ̀ ò nílò rárá, tí iye tó kù sì ti pé tẹ́lẹ̀. Irú owó bẹ́ẹ̀ ló máa ń dùn mí jù.

* * *

Ìyá kan béèrè bóyá owó ìrànwọ́ ìjọba lè san án nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mà, ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Owó yíyá ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Direct Loan kì í sí fún ọmọ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò tó ìdajì àkókò, kírẹ́dítì 6 ló sì ń jẹ́ ìdajì àkókò ní ọ̀pọ̀ yunifásítì. Kírẹ́dítì 3 nìkan ò tó. Owó Pell ni ẹ̀bùn ìjọba àpapọ̀ tí èèyàn kì í san padà. Èyí tí ọmọ tó ti ná ti ọdún tán tún lè rí gbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ètò tí ìjọba mú padà wá lọ́dún 2017, òun náà ń béèrè ìdajì àkókò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ sí ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ kó tó forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ tún bá a béèrè nípa Work-Study, ètò ìjọba àpapọ̀ tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó nílò owó ní iṣẹ́. Owó ni wọ́n ń san nídìí rẹ̀, òfin rẹ̀ ò sì sọ pé kí ọmọ má gba kírẹ́dítì lórí iṣẹ́ kan náà. Ilé iṣẹ́ atẹ̀wétà yunifásítì, ibi tí wọ́n ti ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ lórí ìwé kíkọ, ọ́fíìsì ìròyìn ilé ìwé: gbogbo ibi wọ̀nyí ló nílò ẹni tó mọ èdè lò.

* * *

Èyí tó gbóná jù nìyí. Ẹnìkan kọ̀wé pé kí a má tan ara wa jẹ, pé àwọn ọmọ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò owó ń gbowó nídìí internship torí pé iṣẹ́ wọn lọ́jà, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ò lọ́jà, kí ẹni tó bá kà á dúpẹ́ pé wọ́n tiẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún òun.

Mi ò gbà, mi ò sì ní gbà láé. Ní yunifásítì Cincinnati lọ́dún 1906 ni Herman Schneider ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pààrọ̀ láàárín kíláàsì àti iṣẹ́. Àwọn ọmọ ìmọ̀ ẹ̀rọ ló fi bẹ̀rẹ̀, owó ni wọ́n sì ń san fún wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti so owó mọ́ ọn. Nínú iṣẹ́ ìwé, ìròyìn, sinimá àti òṣèlú, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbé e gbà: àwọn tó fẹ́ wọlé pọ̀, ilẹ̀kùn kéré, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ á wá bí wọn ò tilẹ̀ sanwó. Ilé ìjọba Amẹ́ríkà pàápàá, White House, ọdún 2022 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún àwọn tó ń ṣe internship níbẹ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni á sọ pé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ò wúlò?

Ẹ wo ohun tí ọmọ èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń ṣe níbi iṣẹ́. Ó ń ka ìwé àfọwọ́kọ tí àwọn òǹkọ̀wé fi ránṣẹ́, ó sì ń kọ àbájáde lé e lórí. Ó ń wá àṣìṣe nínú ìwé tó fẹ́ lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé tí òǹrajà máa kà. Ní àjọ aláàánú, òun ni wọ́n ń ní kó bá wọn kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ owó. Nílé iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó ń kọ ìlànà ìlò tí èèyàn lásán lè kà tó sì máa yé e. Tí ìwé ẹ̀bẹ̀ owó bá mú owó wọlé, ta ló kọ ọ́?

Ohun tó ń bí mi nínú nídìí ọ̀rọ̀ "kí wọ́n máa dúpẹ́" ni ẹni tó ń ti síta. Ọmọ tí òbí rẹ̀ lè bá a san ilé ní New York nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ tó gbọ́dọ̀ fi ìsinmi wá owó ilé ìwé ò ní lè ṣe é. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, a ó wá máa béèrè ìdí tí àwọn tó ń yan ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ fi jọ ara wọn.

* * *

Ìbéèrè mìíràn

Ẹ ṣeun. Èmi, Nàìjíríà ni mo ti wá, físà F-1, ti akẹ́kọ̀ọ́, ni mo ní. Ilé iṣẹ́ tèmi ní nígbà tí àwọn ò ti ní sanwó, mi ò nílò ìwé àṣẹ kankan. Ṣé òótọ́ ni?

* * *

Èsì

Má gbé físà rẹ lé ohun tí ilé iṣẹ́ sọ. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní yunifásítì rẹ ni kí o bi, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ fún ẹ nínú ímeèlì. Bí wọn ò bá sanwó fún ẹ, ìyẹn nìkan ò sọ iṣẹ́ di ohun tí kò nílò àṣẹ, pàápàá nílé iṣẹ́ tó wà fún èrè, níbi tí wọ́n ti máa ń sanwó fún ẹlòmíràn lórí irú iṣẹ́ kan náà.

Àṣẹ tó sábà máa ń wà fún internship ni CPT. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ apá kan pàtàkì nínú ẹ̀kọ́ rẹ. O gbọ́dọ̀ ti fi odidi ọdún ẹ̀kọ́ kan wà nílé ìwé ní àkókò kíkún, àyàfi fún àwọn ẹ̀kọ́ oyè gíga kan tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan pàtó ni wọ́n ń kọ ọ́ fún, ó sì gbọ́dọ̀ hàn lórí I-20 rẹ, ìwé tí yunifásítì fún ẹ fún físà, kí o tó jókòó nídìí iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àṣẹ tó bá dé lẹ́yìn tí o ti bẹ̀rẹ̀ ti pẹ́ jù.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ tìrẹ ti yàtọ̀ sí ti àbúrò tó kọ́kọ́ béèrè. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, kírẹ́dítì tí o forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹ́rìí pé iṣẹ́ náà jẹ́ ara ẹ̀kọ́. Nítorí náà, ó lè jẹ́ pé kírẹ́dítì tó dà bí ìnáwó lásán fún òun ló máa ṣílẹ̀kùn fún ìwọ. Ṣùgbọ́n fetí sí èyí: CPT ò sọ pé kí o má gbowó. Tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, ilé iṣẹ́ yẹn lè sanwó fún ẹ bí wọ́n ṣe ń san fún ọmọ onílẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lo físà rẹ láti fi gba iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ṣọ́ra fún oṣù tí o máa lò pẹ̀lú. Tí CPT àkókò kíkún rẹ bá pé oṣù 12, OPT rẹ, ìyẹn àṣẹ láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn oyè, ti lọ ní ìpele oyè yẹn. Iṣẹ́ tí kò ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ lọ kò sí lára ìṣirò yẹn. Ó ṣe pàtàkì fún wa jù bó ṣe ṣe pàtàkì fún àwọn ọmọ ìmọ̀ ẹ̀rọ, torí àwọn lè rí oṣù 24 gbà kún OPT tiwọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ò sí nínú àkójọ ẹ̀kọ́ tó ní àfikún yẹn. Oṣù 12 ni gbogbo ohun tí a ní lẹ́yìn oyè, má fi ṣòfò.

* * *

Ẹnìkan kọ ọ́ pé gbogbo ohun tí òun ṣe nídìí internship òun kò ju kíkó orúkọ àwọn oníbàárà sínú kọ̀ǹpútà lọ, pé òun fara dà á torí kírẹ́dítì, pé kò sóhun tí òun kọ́. Ó bà mí nínú jẹ́ nígbà tí mo kà á, torí pé ọ̀nà wà tí kò bá fi parí bẹ́ẹ̀.

Ìwé àdéhùn ẹ̀kọ́ tí ìwọ, olùkọ́ àti ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ jọ ń fọwọ́ sí kì í ṣe fọ́ọ̀mù lásán. Kọ iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe síbẹ̀ ní pàtó. Má kọ "ìrànlọ́wọ́ nínú iṣẹ́ àtúnṣe ìwé". Kọ iye ìwé àfọwọ́kọ tí o máa ka, ẹni tó máa ka àbájáde rẹ, àti ọjọ́ tí ẹ óò jọ jókòó lé e lórí. Tí ọ̀sẹ̀ kejì bá pé tí kò rí bẹ́ẹ̀, gbé ìwé yẹn tọ olùkọ́ rẹ lọ. Ìwọ lo sanwó kírẹ́dítì náà, lílo ohùn olùkọ́ yẹn wà lára ohun tí o rà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: bí iṣẹ́ náà ò bá tiẹ̀ dára, máa wo bí wọ́n ṣe ń yan ìwé, máa béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí o jókòó síbi ìpàdé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí internship tó dáa máa ń kọ́ ọmọ, torí a ti sọ̀rọ̀ owó débi pé ó dà bí ẹni pé kò sóhun mìíràn níbẹ̀. Ní kíláàsì, ìwé tí wọ́n gbé fún wa ti parí iṣẹ́. Òǹkọ̀wé ti fi í sílẹ̀, ìdí tó fi rí bó ṣe rí là ń wá. Nílé iṣẹ́ ìwé, ohun tó wà níwájú rẹ ò tíì parí. Àbájáde àkọ́kọ́ tí mo kọ nígbà tèmi, bí àròkọ kíláàsì ni mo ṣe kọ ọ́: mo tú àwòrán ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ palẹ̀, mo sọ ohun tí odò inú ìtàn náà dúró fún. Ọ̀gá mi fi pẹ́ńsùlù béèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: ojú ìwé wo ni o ti fẹ́ dẹ́kun kíkà? Ìbéèrè yẹn ò tíì jáde lẹ́nu olùkọ́ kankan sí mi rí. Òun ni mo ń bi àwọn ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ mi báyìí, ojú wọn sì máa ń là nígbà tí wọ́n bá rí i pé àwọn mọ ìdáhùn rẹ̀, pé àwọn kàn ń bo ó mọ́lẹ̀ ni.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni sá fún internship.

* * *

Ọ̀rọ̀ kékeré kan kí n tó padà sọ́dọ̀ àbúrò wa, torí kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á. Ẹni tí wọn ò sanwó fún lè má ní ààbò òṣìṣẹ́ lábẹ́ òfin. Lọ́dún 2013, adájọ́ kan ní New York sọ pé ọmọbìnrin kan tó ń ṣe internship láìgbowó ò lè pe ẹjọ́ ìfìyàjẹni ti ìbálòpọ̀ lábẹ́ òfin ìlú náà, torí pé kì í ṣe òṣìṣẹ́. Wọ́n tún òfin ṣe níbẹ̀ lọ́dún 2014, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn bí Oregon náà sì ti ṣe é, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹ mọ ohun tí òfin ìpínlẹ̀ yín sọ. Ẹ sì mọ ẹni tí ẹ lè pè ní yunifásítì tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ nílé iṣẹ́.

* * *

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ béèrè

Ẹ̀gbọ́n, mo ti béèrè. Àjọ tí kì í ṣe fún èrè ni wọ́n. Wọ́n ní mo lè wá láìsí kírẹ́dítì tí mo bá fẹ́, àmọ́ owó ò sí rárá. Iṣẹ́ náà dára o: ìwé àfọwọ́kọ kíkà àti àtúnṣe ni. Kírẹ́dítì náà sì wọ inú oyè mi, mo ṣì nílò mẹ́ta. Ṣùgbọ́n owó ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ti pọ̀ jù fún wa nílé, mo sì ti rí iṣẹ́ olówó kan tí mo lè ṣe lóṣù mẹ́ta yẹn.

* * *

Èsì

O ṣeun tí o béèrè, ìdáhùn wọn dára ju bí mo ṣe rò lọ. Má kọ̀ wọ́n, má sì sanwó ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ wo bí ilé ìwé rẹ ṣe ń ka owó ní sáà ẹ̀kọ́ gan-an. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, iye owó kan náà ni ọmọ àkókò kíkún ń san láti kírẹ́dítì 12 títí dé bíi 18. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń ka kírẹ́dítì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tí tìẹ bá rí bẹ́ẹ̀, tí kíláàsì rẹ ní sáà tó ń bọ̀ bá jẹ́ kírẹ́dítì 12, internship á sọ ọ́ di 15, owó rẹ ò sì ní yí padà. Wákàtí 135 lórí ọ̀sẹ̀ 15 jẹ́ wákàtí 9 lọ́sẹ̀. Ìwé kíkà ni iṣẹ́ náà, wọ́n lè jẹ́ kí o ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ilé.

Kọ ímeèlì sí wọn lónìí. Sọ pé o fẹ́ iṣẹ́ náà, pé o lè bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹsàn-án dípò oṣù kẹfà, pé wákàtí 9 lọ́sẹ̀ ni o ní, kí o sì béèrè ẹni tó máa ka àbájáde rẹ. Tún béèrè bóyá o lè fi díẹ̀ nínú àwọn àbájáde náà han ilé iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ iwájú tí o bá yọ orúkọ òǹkọ̀wé kúrò, torí àwọn ìwé yẹn kì í ṣe tìẹ. Tí wọ́n bá gbà, mú ìdáhùn wọn lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ rẹ kí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ tó kọjá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kì í fún èèyàn ní kírẹ́dítì lórí iṣẹ́ tó ti ṣe tán. Ní báyìí ná, lọ ṣe iṣẹ́ olówó rẹ lóṣù mẹ́ta yẹn.